Kábọ̀nù inú òkun: bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tí ẹja jẹ, àti ohun tí ìwádìí yẹn ò lè sọ

Ohùn kìíní

Admin yín ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ohùn mẹ́rin ni mo máa fi ṣe é. Ẹni tí dátà ẹ̀ ò bá tó, kó dúró de èyí tí a máa tẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, pé kí ẹnikẹ́ni má ra ẹja òkun mọ́, pé epo rọ̀bì ti wọ inú ẹja, pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi kábọ̀nù wádìí ẹ̀. Páálí ṣáwá mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ìyá kan nínú wa lọ́jọ́ yẹn. Iná ò sí, yìnyín ń yọ́, oníbàárà dé, wọ́n wò ó, wọ́n lọ. Iye tó padà tà á kò tó iye tó fi rà á. Kì í ṣe òun nìkan.

Ẹni tó ṣe ohùn yẹn ò dárúkọ, kò sì sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ gidi kan bo irọ́ rẹ̀ lára. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi kábọ̀nù wádìí ohun tó wà nínú omi òkun, wọ́n sì ń fi wádìí ohun tí ẹja jẹ. Iṣẹ́ tó dára ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ ká mọ̀ ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tún fi ọ̀rọ̀ tó dún bíi ti yunifásítì lé oníbàárà kúrò níwájú yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí oúnjẹ. Ṣáwá tí ẹ ń tà, kí ló ń jẹ? Kò sí koríko láàárín agbami. Ohun tó ń jẹ ni àwọn nǹkan tíntìntín tó ń léfòó nínú omi. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹran, àwọn kan jẹ́ ewéko. Àwọn tó jẹ́ ewéko yẹn ni òyìnbó ń pè ní phytoplankton. Ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan, àfi tí wọ́n bá pọ̀ jọ. Ẹni tó bá ti pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù rí, tó gbàgbé ẹ̀ sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì tó fi di àwọ̀ ewé, ó ti rí mọ̀lẹ́bí wọn.

Ẹ má fojú kéré wọn o. Nínú gbogbo oúnjẹ tí ewéko ń fi oòrùn sè láyé yìí, bí ìdajì ló jẹ́ ti àwọn tíntìntín inú òkun wọ̀nyí. Ẹ kó gbogbo igbó àti gbogbo oko àgbáyé sápá kan, ẹ kó phytoplankton sápá kejì, òṣùwọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Àwọn náà ló ń pinnu ìgbà tí ẹja máa pọ̀. Lójú òkun Ghana àti Côte d'Ivoire, láàárín July sí September lọ́dọọdún, omi tútù a máa ru wá sókè láti ìsàlẹ̀. Omi yẹn ló ń gbé ajílẹ̀ bọ̀, ìyẹn ìdọ̀tí ohun tó ti kú tó sì ti jẹrà nísàlẹ̀ òkun. Tí ajílẹ̀ bá pàdé oòrùn lókè, phytoplankton a gbilẹ̀, ṣáwá a pọ̀ tẹ̀lé e. Omi tún máa ń ru bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àmọ́ ìyẹn kì í pẹ́, kì í sì í pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi ní àsìkò bí àgbàdo ṣe ní àsìkò.

Ohùn kejì

Mo ti dé padà. Ọ̀rọ̀ kábọ̀nù fúnra ẹ̀ ló kàn.

Kábọ̀nù ni ohun tó wà nínú gbogbo ohun alààyè. Ẹ gbàgbé iṣu sórí iná títí tó fi di èédú: èédú dúdú yẹn, kábọ̀nù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Irú kábọ̀nù mẹ́ta ló wà láyé. Ẹ wò wọ́n bí àpò ìrẹsì mẹ́ta tí orúkọ kan náà wà lára wọn, tí ojú ò lè fi ìyàtọ̀ sí wọn, àmọ́ tí ẹ bá gbé wọn sórí ìwọ̀n, ẹ ó rí i pé ìkejì fi díẹ̀ wúwo ju ìkíní, ìkẹta sì wúwo ju ìkejì. Orúkọ wọn ni kábọ̀nù 12, kábọ̀nù 13 àti kábọ̀nù 14. Ohun tí wọ́n ń pè ní áísótóòpù nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kábọ̀nù 12 ló pọ̀ jù. Nínú 100, òun ni bíi 98.9. Kábọ̀nù 13 ni 1.1 tó kù. Kábọ̀nù 14 ò tó nǹkan rárá: nínú ohun tó wà láàyè, nínú kábọ̀nù tírílíọ́nù kan, bí ẹyọ kan ni. Kábọ̀nù 14 yìí tún ní ìwà kan tí àwọn méjì yòókù ò ní, kì í wà títí. Tí nǹkan bá kú, kábọ̀nù 14 inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ. Lẹ́yìn ọdún 5,730, á ku ìdajì. Lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀ mìíràn, á ku ìdajì ìdajì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa nílò ẹ̀ nígbà tí a bá dé orí epo rọ̀bì.

Ewéko ń fa gáàsì wọlé láti fi se oúnjẹ, irú gáàsì tí àwa ń mí síta. Kábọ̀nù wà nínú gáàsì yẹn, 12 àti 13 dà pọ̀. Èyí tó fúyẹ́ ló rọ ewéko lọ́rùn jù. Ẹ wo ìyá tó ń ṣa tòmátì nínú apẹ̀rẹ̀. Tí apẹ̀rẹ̀ bá kún, ó ń mú èyí tó wù ú, ó ń fi èyí tí kò wù ú sílẹ̀. Tí tòmátì bá wọ́n, tó ku mélòó kan nísàlẹ̀, kò ní ṣà mọ́, gbogbo ẹ̀ ló máa kó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni phytoplankton ń ṣe. Nígbà tí gáàsì bá pọ̀ nínú omi, 12 ló ń ṣà. Nígbà tí wọ́n bá ti gbilẹ̀ jù, tí gáàsì ò tó wọn pín, wọ́n á kó 13 náà mọ́ ọn. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n mọ ẹni tó jẹun nìkan, wọ́n tún máa ń mọ̀ bóyá ọjà gbóná lọ́jọ́ tó jẹun.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Wọ́n á jó nǹkan náà di gáàsì, wọ́n á ti gáàsì yẹn gba iwájú mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan nínú ẹ̀rọ. Mágínẹ́ẹ̀tì á fà á kúrò lọ́nà tó tọ́, èyí tó fúyẹ́ á yà jù, èyí tó wúwo ò ní yà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ á ka iye tó bọ́ síbí àti iye tó bọ́ sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi wé òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ ara ẹran òkun àtijọ́ kan tó ti di òkúta, tí wọ́n wà nílẹ̀ ibi tí wọ́n ń pè ní Peedee, ní South Carolina, Amẹ́ríkà. Wọ́n lò ó títí tó fi tán, àwọn ará Vienna ló wá ṣètò èyí tó rọ́pò ẹ̀. Ẹ mọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Mudu tí à ń lò níbí kì í ṣe kóńgò ilé. Ẹni tó bá ra ẹ̀wà ní mudu níbí, tó fẹ́ tà á ní kóńgò ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ṣírò ẹ̀, gbèsè ló ń lọ kó.

Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ sábà máa ń wà lábẹ́ òdo, torí pé kábọ̀nù 13 inú ewéko kò tó ti òkúta yẹn. Nínú 1,000 ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe nínú 100. Tí wọ́n bá ní máínọ́ọ̀sì 27, ó túmọ̀ sí pé ìwọ̀n 13 sí 12 nínú ẹ̀ fi 27 nínú 1,000 dín sí ti òkúta náà. Ìyàtọ̀ kékeré ni, àmọ́ ẹ̀rọ ń rí i kedere.

Ẹ wá gbọ́ nọ́ńbà kálukú. Igi, ẹ̀gẹ́, iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀pẹ, bíi máínọ́ọ̀sì 27 ni wọ́n. Àgbàdo, ọkà bàbà, jéró, ìrèké àti ọ̀pọ̀ koríko tó kún ilẹ̀ ọ̀dàn níhìn-ín, bíi máínọ́ọ̀sì 12, torí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ wọn yàtọ̀. Phytoplankton òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi tiwa wà láàárín wọn, bíi máínọ́ọ̀sì 20 sí 22. Nínú àwọn òkun tútù tó jìnnà sí wa, nọ́ńbà wọn a tún máa lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé omi tútù ń gba gáàsì ju omi gbígbóná lọ, ìyá alátòmátì wa sì tún ráyè ṣà.

Ẹran sì ń gbé nọ́ńbà ohun tó jẹ kiri. Bí ẹran kan bá ṣe ń jẹ òmíràn, nọ́ńbà náà lè gòkè ní ẹyọ kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n fi oúnjẹ tí àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀ sìn, nọ́ńbà ẹ̀ á sún sápá àgbàdo. Àwa èèyàn náà ńkọ́? Ẹni tó ń jẹ túwó ọkà bàbà láàárọ̀ lálẹ́ àti ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà, tí wọ́n bá fá irun orí wọn fún ẹ̀rọ yẹn, á yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oyin, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ yín díẹ̀. Òdòdó igi àti ti irúgbìn tó wà lápá máínọ́ọ̀sì 27 ni oyin sábà ń lọ fà. Ṣúgà ìrèké wà lápá máínọ́ọ̀sì 12. Tí wọ́n bá fi ṣúgà lú oyin, nọ́ńbà oyin yẹn á gòkè. Ní 1977 ni Landis Doner àti Jonathan White ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nọ́ńbà oyin gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, látìgbà náà ni wọ́n ti ń fi mú àwọn tó ń lú oyin. Ó ní àléébù tirẹ̀ o: ṣúgà tí wọ́n ń fi beetroot ṣe ní Yúróòpù, apá igi lòun náà wà, kì í hàn. Ní ti àwọn tó ń fi ìṣáná bọ inú oyin kí wọ́n tó rà á lọ́wọ́ yín, mi ò ní sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣá ìṣáná wọn.

Ohùn kẹta

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lo kábọ̀nù lórí òkun, àwọn èèyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà kìíní dà bí ọ̀gá tó fi bírò sàmì sí owó mélòó kan nínú àpótí, kó lè mọ ibi tí owó ń gbà. Àwọn fúnra wọn ló ń fi àmì sí kábọ̀nù. Ní 1940, Martin Kamen àti Sam Ruben rí kábọ̀nù 14 ní Berkeley, California. Kò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí ará Denmark kan, Einer Steemann Nielsen, fi gbé e lọ sójú òkun. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Galathea ló wọ̀. Copenhagen ni wọ́n ti gbéra ní October 1950, etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po.

Ohun tó ń ṣe rọrùn láti sọ. Á bu omi òkun sínú ìgò, phytoplankton wà nínú ẹ̀ láàyè. Á kán kábọ̀nù 14 díẹ̀ sí i, á fi ìgò náà sínú ìmọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Àwọn tíntìntín á jẹun bí wọ́n ṣe ń jẹ, wọ́n á jẹ kábọ̀nù tó lámì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà á sẹ́ omi yẹn, á wọn iye kábọ̀nù 14 tó wà lára èyí tó kù lójú asẹ́. Iye tó bá bá níbẹ̀ ló máa fi ṣírò iye oúnjẹ tí òkun yẹn ń sè lójúmọ́. Wọ́n tún ń fi ìgò kan sínú òkùnkùn, láti fi yọ èyí tí kì í ṣe ti oòrùn. 1952 ló tẹ̀wé lórí ẹ̀, wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Àwọn mìíràn ń fi kábọ̀nù 13 rọ́pò 14 báyìí, torí pé 14 ń tú ìtànṣán jáde, kì í ṣe gbogbo èbúté ló fẹ́ ẹ nínú ọkọ̀.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ó ṣòro gan-an láti wọ̀n bóyá apá òkun kan lọ́rọ̀ àbí ó tòṣì.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ohùn irọ́ yẹn ń gbìyànjú láti sọ. Wọn ò fi àmì kankan sí i. Àmì tí Ọlọ́run fi sí i látilẹ̀wá, àwọn nọ́ńbà tí mo kà lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ewé kan níbí. Ewé máńgò kan já bọ́ lẹ́yìn ilé ní Ushafa, òjò gbé e lọ sínú odò Usuma. Tí kò bá há sínú ìdídò, ìyẹn Usuma Dam tí Àbújá ń mu omi ẹ̀, á bọ́ sínú odò Gurara. Gurara á gbé e fún Odò Ọya. Ní Lokoja, odò Benue á pàdé wọn. Wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Delta, kí ewé wa tó di ìyẹ̀fun jíjẹrà nínú òkun Àtìláńtíìkì. Lẹ́nu ibẹ̀, ìyẹ̀fun ewé àti phytoplankton ti dà pọ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ omi rírú. Èwo ni ti ilẹ̀, èwo ni ti òkun?

Wọ́n á bu omi náà, wọ́n á sẹ́ ẹ pẹ̀lú asẹ́ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, tí wọ́n ti kọ́kọ́ sun nínú ààrò kó má baà ní kábọ̀nù tirẹ̀. Wọ́n á fi ásíìdì yọ gbogbo ìkarahun kúrò, torí pé kábọ̀nù ìkarahun kì í ṣe ti oúnjẹ, tó bá wọ inú ẹ̀ á ba ìṣírò jẹ́. Ẹ ká sọ pé ẹ̀rọ wá gbé máínọ́ọ̀sì 24 jáde. Ewé igi ni máínọ́ọ̀sì 27, phytoplankton ibẹ̀ ni máínọ́ọ̀sì 21. Àárín gbùngbùn ló bọ́ sí, ìdajì ti ilẹ̀, ìdajì ti òkun. Tó bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì 22 àti ààbọ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti òkun ni. Ẹni tó bá ti po gààrì Ìjẹ̀bú mọ́ gààrì olówó pọ́ọ́kú rí, tó sì fẹ́ mọ iye tó yẹ kó tà á, ó ti ṣe irú ìṣírò yìí.

Ibi tó ti ń dani rú nìyí, ibẹ̀ ló sì wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ewé igi nìkan ló ń kúrò lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ibí. Koríko, pòròpórò ọkà bàbà, pòròpórò àgbàdo, gbogbo wọn ń bá òjò lọ, bíi máínọ́ọ̀sì 12 sì ni wọ́n. Ẹ fi ìdajì máínọ́ọ̀sì 27 pọ̀ mọ́ ìdajì máínọ́ọ̀sì 12. Ẹ ó rí máínọ́ọ̀sì 19 àti ààbọ̀. Ìyẹn sún mọ́ phytoplankton gbọngbọn! Omi tó kún fún kìkì ìdọ̀tí ilẹ̀ lè wá jókòó bí ẹni pé òkun ló bí i. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà kan ṣoṣo á gba ọ̀nà tí kò lọ síbì kan.

Nítorí náà wọn kì í fi nọ́ńbà kan dájọ́. Wọ́n tún máa ń wo náítírójìn. Nínú phytoplankton, kábọ̀nù bíi 106 ló máa ń wà sí náítírójìn 16, ìyẹn bíi 6.6 sí ẹyọ kan. Nínú ewé àti igi, kábọ̀nù pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó lè lé ní 20 sí ẹyọ kan, torí pé igi nílò ohun líle láti fi dúró, phytoplankton ò dúró síbì kankan. Ohun líle inú igi yẹn náà wà tí wọ́n ń wá nínú omi, kò sí i nínú phytoplankton rárá. Tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá sọ ohun kan náà, ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Èkó rí, ẹ mọ Oko Baba ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ibi tí wọ́n ti la pákó létí ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdọ̀tí pákó tó bọ́ lẹ́nu ayùn sínú ọ̀sà, ewé igi náà ni, máínọ́ọ̀sì 27. Lásìkò òjò, omi odò Ògùn àti àwọn odò yòókù a máa ti iyọ̀ ọ̀sà padà sẹ́yìn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ òkun a wọlé padà. Ẹni tó bu omi ní August àti ẹni tó bu ú ní February láti ojú kan náà, omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bù. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ nọ́ńbà ọ̀sà fún yín, ẹ bi í pé oṣù wo.

Nǹkan kan kù kí n tó pa èyí. Èyí tó kọjá lójú asẹ́ ńkọ́, èyí tó ti yòrò pátápátá bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀? Ó pọ̀ gan-an. Kábọ̀nù ohun alààyè tó yòrò sínú gbogbo òkun ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kábọ̀nù tó wà nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Nígbà tí wọ́n fi kábọ̀nù 14 wọn ọjọ́ orí èyí tó wà nísàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì, ó tó bí ọdún 6,000. Ohun tó kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé kọ, ó ṣì wà nínú omi.

Ohùn kẹrin

Ó ti wá kan epo rọ̀bì. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, tiyín nìyí.

Epo ń dà sínú òkun wa, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ní December 2011, epo dà ní Bonga, kànga kan tó wà ní bíi 120 kìlómítà sí etíkun. Iléeṣẹ́ tó ń wa epo náà sọ pé kò tó 40,000 àgbá. Ní August ọdún kan náà, àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé ìwádìí wọn lórí ilẹ̀ Ogoni jáde, wọ́n ní àtúnṣe ibẹ̀ lè gbà tó ọdún 25 sí 30. Àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹni tó bá ní epo ò ba omi jẹ́, kó lọ wò ó.

Àmọ́ ṣé kábọ̀nù lè sọ pé ẹja kan ti jẹ epo? Ẹ wo ohun tó le níbẹ̀. Epo rọ̀bì wa sábà máa ń wà nítòsí máínọ́ọ̀sì 27. Ta tún ni máínọ́ọ̀sì 27? Ewé igi. Kì í ṣe èèṣì. Púpọ̀ nínú epo Niger Delta, ìdọ̀tí ewé tí odò gbé wá sínú òkun láyé àtijọ́, tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, wà lára ohun tó dà á. Bàbá ńlá ewé máńgò wa ni. Nítorí náà, tí wọ́n bá fi kábọ̀nù 13 wọn ẹja tó ń gbé lẹ́nu odò, tí nọ́ńbà ẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, ó lè jẹ́ epo, ó sì lè jẹ́ pé òjò rọ̀ púpọ̀ lọ́dún yẹn, ewé ló pọ̀ nínú oúnjẹ ẹ̀. Ẹ̀rọ ò ní sọ èwo.

Kábọ̀nù 14 ló ń yanjú ìyẹn. Ewé tó já lánàá ní i. Phytoplankton òní ní i. Epo rọ̀bì ò ní i rárá, ọdún tó ti lò nínú ilẹ̀ ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Tí kábọ̀nù 14 inú ẹran òkun kan bá dín sí bó ṣe yẹ, a jẹ́ pé kábọ̀nù àtijọ́ kan ti wọ oúnjẹ ẹ̀. Wọ́n ti lo àwọn ọ̀nà méjèèjì rí. Ní April 2010, kànga Deepwater Horizon bú ní Gulf of Mexico. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ẹran tíntìntín inú omi ibẹ̀, wọ́n rí i pé kábọ̀nù epo àti ti gáàsì ti wọ ara wọn. Báwo ló ṣe wọ̀ ọ́? Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú òkun tó ń jẹ epo àti gáàsì. Ohun tó tóbi jù wọ́n lọ jẹ wọ́n, òmíràn tún jẹ ìyẹn.

Ẹ fetí sí ibi tí mò ń lọ. Kábọ̀nù epo nínú ẹran kì í ṣe májèlé epo nínú ẹran. Tí kòkòrò bá ti jẹ epo, tó ti sọ ọ́ di ara tirẹ̀, kábọ̀nù yẹn ti di ẹran lásán, bí ìgbẹ́ màlúù ṣe ń di ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ìwádìí kábọ̀nù ń sọ ibi tí oúnjẹ ti wá. Kì í sọ bóyá ẹja náà lè pa èèyàn lára. Ìwádìí májèlé wà lọ́tọ̀, àwọn èròjà olóró inú epo gan-an ni wọ́n ń wá níbẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n sì ń lò. Ẹni tó bá ní wọ́n fi kábọ̀nù rí i pé ẹja lóró, kò mọ èyí tó ń sọ nínú méjèèjì.

Nípa májèlé yẹn náà, nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ̀yin alátà mọ̀. Ẹja ní ẹ̀dọ̀ tó ń fọ́ púpọ̀ nínú èròjà yẹn sí wẹ́wẹ́, tó ń tì í jáde. Ìsáwùrú àti àwọn oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ ojú kan kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ó máa ń pẹ́ lára wọn. Tí epo bá dà síbì kan, oníkarahun etí omi ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sá fún. Titus tó wà nínú páálí yín ńkọ́? Kò sí nínú omi wa. Òkun tútù Yúróòpù ni wọ́n ti ń kó o wá, epo tó dà sí Delta ò mọ̀ ọ́n rí. Ohùn yẹn sì pa òun náà pọ̀ mọ́ ọn!

Ohun kan tún wà tó ń ṣòro. Omi tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, tí mo sọ nípa ẹ̀ ní ohùn kìíní, ti pẹ́ nísàlẹ̀ kó tó jáde. Kábọ̀nù 14 inú ẹ̀ ti dín díẹ̀ kó tó dé òkè, epo ò sì sí níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ fẹ̀sùn kan epo gbọ́dọ̀ ti mọ nọ́ńbà omi yẹn ṣáájú kí epo tó dà, kó sì mọ̀ ọ́n ní oṣù kọ̀ọ̀kan. A ní iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba, NIOMR ní Victoria Island, láti 1975. Lójú tèmi, irú wíwọ̀n bẹ́ẹ̀, oṣù dé oṣù, láti Badagry dé Calabar, yẹ kó jẹ́ ohun tí ìjọba ń náwó sí ju ìpàdé lọ. Tí epo bá dà lọ́la, apẹja tí kò ní nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́, kí ló máa fi bá lọ́yà jiyàn ní kóòtù?

Ẹnì kan ti bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá a lè ra ẹ̀rọ náà kékeré kan, kí ẹgbẹ́ máa fi yẹ ẹja wò. Bọ̀dá mi, kò sí kékeré. Èyí tó ń wọn kábọ̀nù 13 tó ẹ̀rọ amómitutù tó tóbi jù tí ẹ ti rí, èyí tó ń wọn 14 lè gba yàrá kan tán. Imú yín àti ojú ẹja ṣì ni òṣùwọ̀n ọjà.

Àwa náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí níbi tí a jókòó sí. Jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo wa ń tàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, epo ló ń jó, kábọ̀nù ẹ̀ wà lápá máínọ́ọ̀sì 27 yẹn, kò sì ní 14 kankan. Afẹ́fẹ́ ayé wà nítòsí máínọ́ọ̀sì 6 àti ààbọ̀ kí wọ́n tó máa jó èédú ilẹ̀ àti epo. Ó ti lé ní máínọ́ọ̀sì 8 báyìí. Hans Suess ló kọ́kọ́ tọ́ka sí irú ẹ̀ ní 1955, láti ara kábọ̀nù 14 inú igi. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin gáàsì tí aráyé ń tú jáde ni òkun ń gbé mì, phytoplankton sì ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà tiwọn náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, epo ò tíì dà sí wọn lára. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ṣáwá òní wé ṣáwá tí wọ́n tọ́jú sínú ìgò ní 1960, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ èéfín jẹnẹrétọ̀ wa kúrò nínú ìṣírò.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́yìn Íṣàì. Ẹ jọ̀ọ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ.